LÁÀRIN EBI ÀTI WỌ̀BÌÀ: ÀYẸ̀WÒ ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ "ESURIENT" SÍ ÈDÈ YORÙBÁ

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "esurient" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ọjà. Ó ń tọ́ka sí ẹni tí ebi ń pa gidigidi, tàbí ẹni tí ó ń hára gàgà láti ní ohun kan. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí ó yẹ láti gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè Yorùbá. Tíọ́rì ìtumọ̀ Eugene Nida ni ó jẹ́ òpómúléró fún iṣẹ́ náà, inú ìhun gbólóhùn, òwe àti àlọ́ Yorùbá sì ni a ti fa ẹ̀rí yọ. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé Yorùbá ya ebi sọ́tọ̀ kúrò lára wọ̀bìà: ebi jẹ́ ohun tí ń ṣe ènìyàn, wọ̀bìà sì jẹ́ ìwà tí ènìyàn ń hù. Nítorí náà, ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Iṣẹ́ náà kádìí pẹ̀lú ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ebi ń pa mí kò ṣe é fi ìfé wí." Ẹni tí ebi ń pa kò lè súfèé kí ará ilé mọ̀ pé oúnjẹ ni ó ń fẹ́. Ó di dandan kí ó la ẹnu rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ó yé ẹni tí oúnjẹ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ebi ni òwe yìí, ọ̀rọ̀ nípa èdè sì ni pẹ̀lú. Ó ń kọ́ni pé bí àìní bá ti le tó ni ó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọ́ yéni tó.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ebi tí ó dà bí ìfé ní etí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ èdè náà. "Esurient" ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sábà máa ń wà, ẹni tí ó bá sì lò ó nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lè dà bí ẹni tí ń ṣe fáàrí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣọ̀wọ́n tó yìí, ìṣòro tí ó ń gbé ka iwájú atúmọ̀ èdè kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ru ìtumọ̀ méjì: ebi àti ìwọra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé rẹ̀ nínú àyọkà tí wọ́n ní kí ó túmọ̀ yóò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, yóò rí ìtumọ̀ méjèèjì, yóò sì mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀. Bí ó bá kọ "tí ebi ń pa", ó lè ti fi àánú bo ojúkòkòrò mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọ "wọ̀bìà", ó lè ti bú ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀.

Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé yíyàn láàrin ìtumọ̀ méjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni. Yorùbá ti fi ìlànà ìdájọ́ náà sínú èdè wọn, ẹni tí ó bá sì fojú fo ìlànà yìí yóò ṣi ìtumọ̀ ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn rẹ̀.

2.0 Orírun àti ìrìn-àjò ọ̀rọ̀ náà

Láti inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ yìí ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tí ó bí i ni "esurire", èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara "edere" tí í ṣe jíjẹ. Látìn ní àfòmọ́ kan tí ó máa ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di fífẹ́ láti ṣe nǹkan. Jíjẹ di fífẹ́ láti jẹ, èyí ni ebi. Bíbímọ di "parturire", èyí ni ìrọbí. Ìtọ̀ títọ̀ di "micturire", èyí ni kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ènìyàn ni olùwà gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ní èdè Látìn. Ènìyàn ni ó ń fẹ́ láti jẹ. Orí kókó yìí ni iṣẹ́ yìí yóò padà sí nígbà tí ó bá kan ìhun gbólóhùn Yorùbá.

Láti ìgbà láéláé ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ojú méjì. Juvenal, akéwì ará Róòmù tí ó kọ ewì rẹ̀ láàrin ìparí sẹ́ńtúrì kìn-ín-ní àti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, lò ó nínú ewì rẹ̀ kẹta láti fi bú àwọn Gíríìkì tí wọ́n wá jẹun ní Róòmù. Ní ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà, Gíríìkì tí ebi ń pa kò ní iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Bí a bá ní kí ó fò lọ sí ojú ọ̀run, yóò fò. Ìpẹ̀gàn ni ó wà níbẹ̀, kò sí àánú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni Bíbélì Látìn lò nínú orin Màríà, ní orí kìn-ín-ní Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí Màríà ti yin Ọlọ́run pé ó bọ́ àwọn aláìní yó, ó sì rán àwọn ọlọ́rọ̀ lọ ní òfo. Ìpẹ̀gàn kò sí níbẹ̀, ọlá ni. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀ tí odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884, kò ṣiyèméjì ní ẹsẹ yìí. Ebi ni wọ́n fi ṣe olùwà. Wọn kò lo ọ̀rọ̀ kankan tí ó jọ wọ̀bìà.

Ní ayé òde òní, ibi tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni eré kékeré kan tí ẹgbẹ́ aláwàdà Monty Python ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n BBC ní ọdún 1972. Oníbàárà kan wọ ilé ìtajà wàràkàṣì, ó sì fi "esurient" sọ fún olùtajà bí ó ti ń ṣe é. Olùtajà kò gbọ́ ohun tí ó wí. Oníbàárà wá sọ ọ́ padà ní ẹ̀ka-èdè àwọn mẹ̀kúnnù, ọ̀rọ̀ sì yé. Àwàdà náà le ju bí ó ti hàn lọ. Ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá yẹn ni ó tó hàn pé kò sí ẹyọ wàràkàṣì kan nínú ilé ìtajà náà. Ẹni tí ó fi ìfé sọ ebi rẹ̀ kò rí oúnjẹ. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní gbangba náà kò rí i.

3.0 Ọgbọ́n ìtumọ̀ tí iṣẹ́ yìí mú lò

Nínú ìwé rẹ̀ "Toward a Science of Translating" (1964), Eugene Nida ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí ó tẹ̀lé ìrísí èdè ìpìlẹ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ fún ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ àpèjúwe fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe ní ọkàn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí ó sì ń wá bí yóò ṣe ṣe ohun kan náà ní ọkàn àwọn tí ń gbọ́ ìtumọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni iṣẹ́ yìí tọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà àkọ́kọ́ kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi kankan. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe ẹlẹ́yọ kan fún ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àléébù fún èdè náà pé kò ní in. Gbólóhùn ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe, gbólóhùn náà sì sọ ju ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ.

4.0 Ebi nínú ìhun gbólóhùn Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(i) Ebi ń pa mí.
(ii) Òùngbẹ ń gbẹ mí.
(iii) Oorun ń kùn mí.
(iv) Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.
(v) Òtútù ń mú mi.
(vi) Ẹ̀rù ń bà mí.

Nínú gbogbo wọn, ohun tí ń ṣe ènìyàn ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Látìn àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ara Látìn ń fẹ́, ara Yorùbá ń gbà á ni. Ebi ni ó wá, òun ni ó ń pa. Ènìyàn jókòó ní ipò ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí. Bí ebi náà bá le jù, gbólóhùn kò yí ipò yìí padà: ebi lè pa á bí ẹni tí yóò kú, ebi sì lè hàn án léèmọ̀, síbẹ̀ ebi náà ni olùwà.

Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Bí ọmọ bá ń sunkún, ìyá rẹ̀ a bi í pé, "Kí ni ó ń ṣe ọ́?" Ìdáhùn ni, "Ebi ni ó ń pa mí." Kì í ṣe pé, "Kí ni ò ń ṣe?" Ìbéèrè kejì yìí wà fún ìwà àti iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò fi ebi dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni àṣẹ. Yorùbá lè sọ fún ènìyàn pé, "Má ṣe wọ̀bìà," tàbí, "Má ṣe ọ̀kánjúwà." Kò sí bí ó ṣe lè sọ pé, "Má ṣe ebi." Bí ó bá fẹ́ kìlọ̀, ohun tí ó lè sọ ni, "Má jẹ́ kí ebi pa ọ́," èyí tí ó fi ebi sí ipò ọ̀tá tí ń bọ̀ láti ìta. Ohun tí kò ṣe é pàṣẹ kò ṣe é dá lẹ́bi.

Ẹ̀rí kẹta ni orúkọ. Wọ̀bìà lè di orúkọ ènìyàn: "Wọ̀bìà ni ọ́." Alájẹkì àti olójúkòkòrò náà rí bẹ́ẹ̀. Ebi kì í sábà di orúkọ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ka sí i sábà máa ń lo awẹ́ gbólóhùn: "ẹni tí ebi ń pa". Ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú awẹ́ gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ní àsìkò. Bí oúnjẹ bá dé, ebi kò pa á mọ́, orúkọ náà sì bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè ní wọ̀bìà lè jẹ àjẹyó kí ó sì máa jẹ́ wọ̀bìà lọ.

5.0 Wọ̀bìà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìfẹ́ tí ó ti kọjá àlà. Wọ̀bìà àti àjẹkì dá lórí oúnjẹ. Ojúkòkòrò dá lórí ohun tí ojú rí. Ọ̀kánjúwà gbòòrò jù wọ́n lọ. Ó lè jẹ́ ti owó, ti oyè, ti ilẹ̀ tàbí ti aya. Ìwọra sún mọ́ ọn. Gbogbo wọn jẹ́ ìwà, ènìyàn sì ni olùwà wọn: ènìyàn ni ó ń ṣe wọ̀bìà, òun ni ó ń wọ̀ra, òun ni ó ní ojúkòkòrò.

Òwe fi ìyàtọ̀ yìí múlẹ̀. Nípa ebi, Yorùbá ní, "Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Wọ́n tún ní, "Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Nípa ìwọra, wọ́n ní, "Ọ̀kánjúwà baba àrùn," àti pé, "Ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́." Wọ́n sì ní, "Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé." Bí a bá wo àwọn òwe wọ̀nyí dáadáa, ẹni tí wọ́n ń bá wí kò dọ́gba. Àwọn òwe ebi kò bá ẹni tí ebi ń pa wí. Ẹni tí ó ń retí pé kí elébi gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá wí, pé kí ó kọ́kọ́ wá oúnjẹ fún un. Àwọn òwe ìwọra ni wọ́n kọjú sí oníwọra fúnra rẹ̀, wọ́n fi í wé olè, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ hàn án.

6.0 Ẹ̀rí láti inú àlọ́ Ìjàpá

Àlọ́ ni ibi tí ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ ń kọ́ ìyàtọ̀ yìí, Ìjàpá sì ni olùkọ́ rẹ̀. Nínú àlọ́ kan, Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó rí ẹ̀bẹ tí ń hó lórí iná, kò sì lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó bù ú sínú fìlà rẹ̀, ó dé e mọ́ orí, ẹ̀bẹ gbígbóná sì bó o lórí. Apárí ni ó gbà bọ̀. Apàlọ́ kì í sọ pé ebi ń pa Ìjàpá nínú ìtàn yìí. Kò sí ìdí fún un láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé àna kì í fi àlejò sílẹ̀ láìjẹun. Bí ó bá ní sùúrù díẹ̀, wọn yóò bù ú fún un nínú àwo.

Nínú àlọ́ kejì, Yánníbo, aya Ìjàpá, ń wá ọmọ. Ìjàpá lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo, wọ́n sì se àsèjẹ fún Yánníbo pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí Ìjàpá má ṣe tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ náà ta sí i nímú lójú ọ̀nà, ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Níhìn-ín pẹ̀lú, kì í ṣe ebi ni ó mú un ṣe é.

Àlọ́ kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí oníkálukú mú ìyá rẹ̀ wá fún pípa jẹ. Ajá gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, a lọ kọrin, ìyá rẹ̀ a sì ta okùn sí i, a gòkè lọ jẹun. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà àlọ́ yìí, Ìjàpá rí i pé ara Ajá ń dán, ó sì bẹ̀ ẹ́. Àánú ṣe Ajá, ó mú un lọ, wọ́n jọ jẹun. Títí dé ibí yìí, kò sí ẹni tí ó dá Ìjàpá lẹ́jọ́. Ebi ń pa gbogbo ìlú, ebi ń pa òun náà, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún un. Ẹ̀yìn èyí ni Ìjàpá dá nìkan padà lọ ní ìkọ̀kọ̀, ó fi ohùn Ajá kọrin, okùn sì wálẹ̀. Ajá dé, ó bá a lójú okùn, ó ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó gé e. Ìjàpá já bọ́.

Ìyàn kan náà ni, oúnjẹ kan náà ni, okùn kan náà sì ni. Kí ni ó wá yí padà láàrin ìgòkè àkọ́kọ́ àti èkejì? Bí a bá fi àlọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, ìdáhùn hàn. Ẹ̀bẹ inú ìkòkò jẹ́ ti àwọn àna. Àsèjẹ jẹ́ ti Yánníbo. Oúnjẹ òkè ọ̀run jẹ́ ti Ajá láti fi fúnni tàbí láti fi du ni. Ìpín ẹlòmíràn ni àlà. Ìwọ̀n ebi kọ́ ni Yorùbá fi ń mọ wọ̀bìà. Ohun tí ènìyàn ṣe sí ìpín ẹnìkejì rẹ̀ ni.

7.0 Ìháragàgà àti ìyánhànhàn

Ó ṣẹ́ ku ìtumọ̀ kan tí "esurient" tún lè ní, èyí ni ìtara fún ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, bí ìmọ̀ tàbí òkìkí. Níbí, Yorùbá kò ní láti yá ọ̀rọ̀ ebi lò bí kò bá wù ú. Ènìyàn lè máa hára gàgà. Ọkàn rẹ̀ lè máa yán hànhàn. Ojú ọmọ lè máa pọ́n ọn. Òótọ́ ni pé Bíbélì ti sọ ebi òdodo di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí ó mọ́ àwọn Yorùbá lára, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá sọ pé ebi ìmọ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń dán àbá apá kẹrin iṣẹ́ yìí wò. Ènìyàn ni olùwà nínú "ó ń hára gàgà", síbẹ̀ kò sí èébú níbẹ̀. Èyí fi hàn pé ipò olùwà nìkan kọ́ ni ó ń sọ ìfẹ́ di ẹ̀bi. Ó bá ohun tí àwọn àlọ́ fi kọ́ni mu. Ẹni tí ń hára gàgà láti kàwé kò gba ìwé ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ tí ó kó jọ kò dín ti ẹlòmíràn kù. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà, kì í ṣe méjì: ebi tí ń ṣe ènìyàn, ìyánhànhàn tí ń ti ènìyàn síwájú, àti wọ̀bìà tí ń wọ inú ìpín ẹlòmíràn.

8.0 Ta ni ó ń pe ta ni ní wọ̀bìà?

Ẹnìkan lè ta ko àbá yìí pé àlà náà kò dúró gbọin-gbọin. Yorùbá lè fi ẹ̀gàn sọ pé ebi owó ń pa ọ̀gá kan tí ó ti lówó tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn náà múná nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò yẹ kí ebi jẹ́ àwáwí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yíyá ni ó yá aṣọ ẹni tí ebi ń pa wọ̀, olùgbọ́ sì mọ̀ pé aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí àlà kò bá sí, ẹ̀gàn kò ní sí.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti agbára. Ẹni tí ó yó ni ó sábà máa ń ní àǹfààní láti pe ẹni tí kò yó ní wọ̀bìà. Ohun tí Juvenal ṣe nìyí: ọmọ onílẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà, àjèjì tí ń wá oúnjẹ ni ó sì ń bú. Lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ ìṣòro yìí dunjú. Nínú eré-onítàn "Rẹ́rẹ́ Rún" (1973), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìjàkadì àwọn òṣìṣẹ́ tí Láwúwo jẹ́ olórí wọn ka iwájú Onímògún àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo àríyànjiyàn inú eré náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà: ṣé àìní ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè fún, tàbí ojúkòkòrò? Ìdáhùn tí ó bá borí ni yóò sọ ẹni tí yóò jẹun. Òkédìjí kò fi òǹkàwé sínú iyèméjì nípa ibi tí àánú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò parọ́ fún un pé ẹni tí ó jàre ni yóò borí.

Nítorí náà, ẹni tí ó mú "wọ̀bìà" láti fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti bá ẹnìkan gbè. Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó bá gbè, èyí sì tọ́ bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gàn ni òǹkọ̀wé náà ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

9.0 Ìlò rẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àyọkà kan sọ pé ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ "esurient" ń wo búrẹ́dì. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti bi ara wọn kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

Àkọ́kọ́: ṣé ọmọ náà ti jẹun? Bí kò bá tíì jẹun, "Ọmọ náà, tí ebi ń pa burúkú-burúkú, ń wo búrẹ́dì náà" ni ó yẹ. Èkejì: ti ta ni búrẹ́dì náà? Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ọmọ náà sì ti yó, "Ọmọ náà fi ojú wọ̀bìà wo búrẹ́dì náà" kò burú. Ẹ̀kẹta: irú ohùn wo ni òǹkọ̀wé fi sọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àwàdà ni òǹkọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ ńlá náà ṣe, bí ó ti rí nínú eré ilé ìtajà wàràkàṣì, ìtumọ̀ tí kò ní àwàdà kò pé. Atúmọ̀ lè lo ìfohunpènìyàn kí ó sọ pé ikùn oníbàárà ń rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí oúnjẹ, kí olùtajà má gbọ́ ọ, kí oníbàárà sì wá fi ẹ̀ka-èdè bíi ti Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú sọ pé ebi ń pa òun. Bí àyọkà náà bá sì dá lórí ìmọ̀ tàbí òkìkí, ìháragàgà àti ìyánhànhàn wà nílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí orí ìwé. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń túmọ̀ ìwà ọmọ lójoojúmọ́. Ọmọ kan a máa wo àwo oúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Òmíràn a máa sùn ní kíláàsì kí ọ̀sán tó pọ́n. Òmíràn a na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n bá ń pín bisikíìtì. "Wọ̀bìà ni ọmọ yìí" jẹ́ ìtumọ̀ kan. "Ebi ń pa ọmọ yìí" jẹ́ òmíràn. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọmọ náà bí orúkọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì gbà á lẹ́nu olùkọ́. Ìtumọ̀ kejì ní àsìkò nínú. Ó sì ń béèrè pé kí ẹnìkan ṣe nǹkan kan. Olùkọ́ tí ó mọ èdè Yorùbá dáadáa kò gbọdọ̀ lo ti àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè pé, "Kí ni ó ń ṣe ọ́?"

10.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti yẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "esurient" wò láti ìgbà tí ó wà ní Látìn títí dé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀. Ó ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà so àìní àti ìwọra pọ̀, tí Yorùbá sì yà wọ́n nípa nínú ìhun gbólóhùn, nínú òwe àti nínú àlọ́. Ó tún fi hàn pé ohun tí Yorùbá fi ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì kì í ṣe bí ebi ṣe le tó, bí kò ṣe ìpín ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ràn iṣẹ́ yìí ni pé kí àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìtumọ̀ má ṣe gba ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìbéèrè ìdí tí ó fi yan ọ̀rọ̀ náà. Kí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè sì máa fi àpẹẹrẹ gbólóhùn ti irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́yìn, kí òǹlò lè mọ ibi tí ebi parí sí àti ibi tí wọ̀bìà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ìfé sọ ọ́. Kò sì yẹ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ túmọ̀ ẹkún rẹ̀ sí èébú.